sPESI (máàkì ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró) 2 lóru, echo (àwòrán ọkàn) ò sí títí di Ọjọ́ Ajé: ṣé ICU (yàrá ìtọ́jú àkànṣe) ni?

Nọ́ọ̀sìYaba:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Màmá ẹni ọdún 64, jẹjẹrẹ ọmú, skánì ti fi ẹ̀jẹ̀ dídì hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìlù ọkàn 114, BP 118/76, mímí 26, ọ́síjìn 91, ìgbóná ara 36.8, wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà. sPESI 2 ni mo kà. Ṣé ìyẹn tó láti gbé wọn lọ ICU lálẹ́ yìí?

DókítàẸ̀bùtéMẹ́ta:
Nọ́ọ̀sì, ohun tí ẹ ń bi sPESI kọ́ ló mọ̀. Ẹni tó gba odo, nǹkan bí 1 nínú 100 ló ń kú láàárín ọjọ́ 30. Ẹni tó gba 1 sókè, nǹkan bí 11. Ó ti sọ fún yín pé màmá ò ní lọ sílé. Bóyá ilẹ̀ máa mọ́ bá wọn, kò sọ ìyẹn. PESI kíkún, tí wọ́n gé kúrú di sPESI: ọdún 64, jẹjẹrẹ 30, ìlù ọkàn 20, ó di 114, ipele kẹrin nínú márùn-ún. Ọjọ́ 30 náà lòun ń sọ.

Fún alẹ́ òní, ọkàn apá ọ̀tún, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ni kí ẹ wò. Kí lẹ ń dúró de echo fún nígbà tí skánì wà lọ́wọ́? Ẹ ní kí wọ́n wọn yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lọ́tùn-ún àti lósì níbi tí wọ́n ti fẹ̀ jù. Bí tọ̀tún bá tó tòsì tàbí tó jù ú lọ, ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ fún troponin (èròjà tó ń jáde bí iṣan ọkàn bá fara pa). Bí méjèèjì bá burú, Bova (máàkì mìíràn fún ewu ẹ̀jẹ̀ dídì yìí) ti di 5 (2, 2, àti 1 fún ìlù ọkàn), ipele tó ga jù.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó:
91 yẹn ń kọ mí lóminú. Ẹ̀rọ orí ìka máa ń bù kún ọ́síjìn lára aláwọ̀ dúdú. Ẹ ṣe ABG (àyẹ̀wò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ iṣan àlọ). Bó bá jẹ́ 88, máàkì 20 á wọlé, PESI ti di 134, ipele karùn-ún.

Nọ́ọ̀sìYaba:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú káàdì wọn: BP kílíníkì, 165 ni nọ́ńbà òkè.

DókítàẸ̀bùtéMẹ́ta:
Háà! Láti 165 sí 118, ó ti já ju 40 lọ nìyẹn. Ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 15 lọ bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, àìlómi lára, àkóràn tàbí ìlù ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú, ewu ńlá ni lójú ìlànà àwọn dókítà ọkàn Yúróòpù ti 2019. Ẹ pe ICU. Ẹ má sì da dírípù lé wọn lórí nítorí BP: 500 mililita ni òpin, ọkàn ọ̀tún tó ti wú ò lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.