Ẹ sọ ìrírí yín: ìgbà wo ni ó yẹ kí a ra bàtà olówó gọbọi?

Àdùkẹ́ Agége
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń tu owó jọ láti fi ra bàtà Christian Louboutin kan, ilé-iṣẹ́ Paris tí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà obìnrin rẹ̀ máa ń pupa, èyí tí wọ́n ń pè ní So Kate, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó mìlímítà 120, tí owó rẹ̀ sì lé ní £600 ní London. Àbúrò mi ní nǹkan ti ń ṣe mí. N kò wá gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó ti ra irú bàtà bẹ́ẹ̀ rí sọ ìgbà tí owó náà kò dùn wọ́n, àti ìgbà tí ó dùn wọ́n.

Ìyá Ṣọlá
Ibo lo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, ọmọ mi?

Àdùkẹ́ Agége
Ìgbéyàwó ẹbí mélòó kan ń bọ̀ lọ́nà, mà, mo sì máa ń lọ bá àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ wa ṣèpàdé ní Victoria Island.

Ìyá Ṣọlá
Ṣé dánfó ni wàá wọ̀ dé Victoria Island?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ìtòsí Northampton ni mo ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàtà ọkùnrin sì ni mo mọ̀, nítorí náà kí Àdùkẹ́ ṣa èyí tó bá wúlò fún un níbẹ̀. Agbègbè yìí ni ìdí iṣẹ́ bàtà awọ nílẹ̀ wọn: Church's bẹ̀rẹ̀ ní 1873, Crockett & Jones ní 1879, Loake tó wà ní Kettering sì tẹ̀ lé e ní 1880. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n ń tà. Ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n rán yí ara bàtà ká, ọ̀já yìí ni wọ́n sì rán àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara bàtà gan-an. Ìrán Goodyear ni wọ́n ń pè é, nítorí ọmọ Charles Goodyear, ẹni tó ṣàwárí bí a ṣe ń se rọ́bà pẹ̀lú imí-ọjọ́ kí ó lè lágbára, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀rọ tó ń rán an. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá jẹ tán, wọn á tú òwú ìta, wọn á yọ ọ́ sọnù, wọn á sì rán tuntun sí i láìfọwọ́ kan awọ òkè. Mo ti pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ èyí tí mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lónìí kọjá ẹ̀ẹ̀kan. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ wọn ni mo ti rà á, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn tó ní àbùkù díẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Mo yí i síwá yí i sẹ́yìn títí kí n tó rí àbùkù náà, ìlà tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ ọ̀tún, tí pólíìṣì ẹ̀ẹ̀kan sì bò mọ́lẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ
Ìjẹ̀bú tó ń ra bàtà alábùkù ní ẹ̀dínwó! Ẹ jẹ́ kí ará ilé yín gbọ́ o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Owó tí mo fi pamọ́ níbẹ̀ ni mo fi ra aṣọ ẹbí yín.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọ́n ti fún mi láyè láti sọ ọ́. Wọ́n ra bàtà ilẹ̀ Ítálì kan ní owó tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ létí ọkọ wọn, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n dá a padà sínú páálí rẹ̀, wọ́n sì gbé e sókè àpótí aṣọ de ọjọ́ tí wọn yóò pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Gbogbo ọdún tó wà láàárín, wọn kò fi ẹsẹ̀ kan án, àfi kí wọ́n ṣí i wò kí wọ́n tún dé e. Ọjọ́ pé, wọ́n wọ̀ ọ́, onílù bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, wọ́n sì jó láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn dé ìdí àga. A kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló da èédú sílẹ̀. Àfi ìgbà tí ọmọ wọn tẹ̀ ba tó gbé ọ̀kan nínú rẹ̀, ni a tó rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà ló ń rún wómúwómú bí àádùn. Kí orin kìíní tó parí, awọ òkè nìkan ló kù lẹ́sẹ̀ wọn, ó mọ́ roro, ó ń dán, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gba àlejò títí ilẹ̀ fi ṣú, pẹ̀lú gèlè ńlá lórí.

Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ
Mo ti ka èyí sókè fún gbogbo ará ọ́fíìsì wa, iṣẹ́ ti dúró.

Dàpọ̀ Òṣogbo
N kò gba èyí gbọ́. Bàtà gidi kì í rún. Ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn, wọ́n sì fi orúkọ Ítálì bò ó.

Abíkẹ́ Leeds
Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà náà kì í sì í ṣe ayédèrú rárá. Ó gba ọrẹ lọ, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ṣe ọrẹ.

Aránbàtà Mushin
Ẹ má jà. Iṣẹ́ mi nìyí. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní polyurethane, òun ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó máa ń jẹ ẹ́ láti inú wá díẹ̀díẹ̀, kódà bí a kò wọ̀ ọ́, ooru sì ń mú un yá; ìlú bí Èkó kò lè ṣe é lóore, wíwé e mọ́ ọ̀rá inú páálí kò sì ní kí ó má ṣẹlẹ̀. Bàtà ojúlówó máa ń rún, ayédèrú náà máa ń rún. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà tí yóò máa tọ́jú de ọjọ́ ńlá, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ti Àdùkẹ́ yẹn, awọ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò ní rún bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kùn ún kì í pẹ́ kí ó tó bó lórí kọnkéré. Èmi a máa lẹ rọ́bà pupa pẹlẹbẹ mọ́ ọn fún àwọn oníbàárà mi. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní pupa tiwọn gan-an ni àwọn sanwó fún.

Agbẹjọ́rò Oyin
Òótọ́ ni wọ́n sọ, pupa ni wọ́n sanwó fún. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní New York dájọ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ pupa jẹ́ àmì ìdánimọ̀ Louboutin, níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀ òkè bàtà bá ti yàtọ̀ sí pupa. Ìyẹn ló jẹ́ kí Yves Saint Laurent, ilé-iṣẹ́ Paris tí wọ́n jọ ṣẹjọ́, lè máa ta bàtà tó pupa látòkè délẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà gbè Louboutin lẹ́yìn ní 2018. Ẹ wá fúnra yín ṣírò iye tó jẹ́ owó awọ àti iye tó jẹ́ owó àwọ̀.

Dàpọ̀ Òṣogbo
Ta ni yóò yọjú wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀?

Abíkẹ́ Leeds
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kì í kúnlẹ̀ ni ẹ kò fi mọ̀. Bí obìnrin bá kúnlẹ̀ kí àgbà lóde ìgbéyàwó, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kà á.

Ìyá Ṣọlá
Lóòótọ́ ni. Mo ti rí ìwé iye owó lábẹ́ bàtà ìyàwó rí, bí ó ṣe kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ẹ̀dínwó ni.

Abíkẹ́ Leeds
Kí n dá Àdùkẹ́ lóhùn níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní Louboutin kan, Kate tí gìgísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 85, dúdú, tí kò dán. Ìgbà tí mo wọ èyí tó ga tó 120 wò nínú ṣọ́ọ̀bù, mo dúró dáadáa níwájú dígí; ìrìn ni kò gbà. Èyí tó lọ sílẹ̀ ni mo ń wọ̀ lọ sí ìpàdé, sí òde, sí ìsìnkú, owó rẹ̀ sì ti pín sórí ọjọ́ tó pọ̀ débi pé n kò rántí rẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ra èyí tó ga máa ń kó sílípáàsì sínú báàgì, inú ọkọ̀ nìkan ni bàtà náà ti ń gbádùn ayé. Àdùkẹ́, wọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, kí o rìn lórí ilẹ̀ tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì. Bí o bá ti ń wá ibi tí o máa jókòó, dá a padà fún wọn.

Dàpọ̀ Òṣogbo
Gbogbo yín ń dárúkọ Paris àti Northampton. Ṣé ẹ mọ̀ pé awọ ewúrẹ́ àti awọ àgùntàn tí wọ́n ń ṣe ní Kano ni wọ́n ń kó lọ sí Ítálì àti Spain? Ẹ ń ra ewúrẹ́ yín padà ni. Ẹ lọ bá àwọn ará Aba tàbí Aránbàtà wa yìí.

Agbẹjọ́rò Oyin
Mo ti bá aránbàtà kan ní Èkó ṣe é rí. Gọ́ọ̀mù lásán ni ó fi lẹ̀ ẹ́, òjò kan ṣoṣo ló sì tú u.

Aránbàtà Mushin
Ẹ dákun, ẹ sọ iye tí ẹ san. Èmi lè fi ọwọ́ rán ọ̀já tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ yẹn mọ́ bàtà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Oníbàárà tó bá ná mi títí tí ó fi kù díẹ̀ kí n fi owó ara mi kún un, gọ́ọ̀mù ni n ó fi lẹ̀ ẹ́ fún un, n kò sì ní purọ́ fún un. Bí owó bá ti mọ ni oògùn ń mọ. Ẹ tún kíyè sára pẹ̀lú àwọn bàtà òkèèrè tó ní ìrán yíká: ẹ fi èékánná tọ́ ọ. Òmíràn kì í ṣe òwú, rọ́bà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ojú ìrán sí lára ni.

Agbẹjọ́rò Oyin
N kò ní sọ iye tí mo san.

Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ
Ẹjọ́ ti tán.

Àdùkẹ́ Agége
Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n Abíkẹ́, ṣé ti 85 yẹn kò fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ níwájú?

Abíkẹ́ Leeds
Ó máa fún ọ, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Fi ìlàjì nọ́ńbà kún tìrẹ nígbà tí o bá ń wọ̀ ọ́ wò.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ̀gbọ́n mi ti ka gbogbo èyí. Wọ́n ní kí n bi Aránbàtà bóyá ó lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ awọ sí bàtà yẹn, nítorí awọ òkè rẹ̀ kò ní àpá kankan.

Aránbàtà Mushin
Kí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún mi, kì í ṣe ti òkè.

Ìyá Ṣọlá
Kí wọ́n kọ́kọ́ bi í ní iye.