Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ Faransé orí ìwé ẹrù Kútọnu yìí, kí n má tún ṣì í tú

Atẹ̀wé Arákálẹ̀ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Akúrẹ́ ni mo wà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Arákálẹ̀ tí mo ti ń bá èèyàn tẹ̀wé, tí mo sì ń túmọ̀ ìwé láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì. Faransé inú ìwé ni mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Faransé gáréèjì àti ti ẹrù, ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ni mo ti ń bá a pàdé.

Lóṣù tó kọjá, màmá kan tó ń ta léèsì ní Ọjà Ọba gbé ìwé kan wá. Aṣọ wọn ń bọ̀ láti Kútọnu. Lórí ìwé náà ni "Nombre de colis : 4" wà, "Port dû" tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà "Délai de garde : 10 jours". Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ "passé ce délai, des frais de magasinage seront perçus". Mo kọ pé ẹrù mẹ́rin ni, ìyẹn tọ̀nà. Mo wá kọ "Port due". Mo kọ "Delay: 10 days". Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, mo fò ó.

Màmá ka Gẹ̀ẹ́sì mi, wọ́n ní, "Á jẹ́ pé ẹrù á pẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe ìsìnkú tó wà níwájú mi ní Ìdànrè." Ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n tó lọ gba ẹrù. Àṣé ọjọ́ kejì ló ti dé. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ni wọ́n fi máa bá wọn tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, owó ìtọ́jú sì ti ń gun orí ara wọn láti ìgbà tó ti pé. Wọ́n tún ní kí màmá san owó ọkọ̀, nítorí ohun tí "port dû" ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ gba ẹrù ló máa san án. Màmá ò mú owó ọkọ̀ dání. Ọwọ́ òfìfo ni wọ́n padà sí Akúrẹ́.

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn na ìwé náà sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tún un kà fún mi." N ò tíì lè gbàgbé ohùn yẹn.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé ìwé mìíràn wá, èmi náà ni wọ́n sì tún gbé e wá fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí àwọn wọ̀nyí: "contre-remboursement", "livraison en gare", "avec AR", "colis en souffrance", àti ibi tí wọ́n ní kí wọ́n bu ọwọ́ lù, "reçu sous réserve de déballage". Ìwé atúmọ̀ èdè tó wà lọ́wọ́ mi ní ìyà ni "souffrance". Ìyà wo ló ń jẹ ẹrù?

Bàbá Pósọ́fíìsì, Oǹdó kọ:

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pósọ́fíìsì, Oǹdó ni mo jókòó sí báyìí. Ẹ jẹ́ ká ti ibi AR bẹ̀rẹ̀. "Avis de réception" ni. Ọ̀pọ̀ ará Faransé ṣì ń pè é ní "accusé de réception", ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn níbẹ̀. Ìwé pélébé kan ni: ẹni tó gba ẹrù á bu ọwọ́ lù ú, a ó sì dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tiwa nínú pósọ́fíìsì fún un ni "advice of delivery". Fún oníṣòwò, kọ "signed proof of delivery".

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí Faransé fi wà lára lẹ́tà tó ti London wá. Ní 1874, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Bern, ní Switzerland, wọ́n dá ẹgbẹ́ tó di Universal Postal Union sílẹ̀. Faransé ni èdè ẹgbẹ́ náà. 1994 ni wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un gẹ́gẹ́ bí èdè iṣẹ́. Ibẹ̀ ni "Par avion", ìyẹn "ọkọ̀ òfurufú ló gbé e", ti wá. Ibẹ̀ náà ni "T" tí wọ́n ń lù sára lẹ́tà tí owó sítáǹbù rẹ̀ kò pé ti wá: "taxe" ni T yẹn, ìyẹn owó tó kù láti san.

Nǹkan kan wà tó máa ń dùn mí. Bí ẹrù bá padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́, wọ́n á sàmì sí ìdí rẹ̀. "Inconnu": a ò mọ ẹni náà níbẹ̀. "Refusé": wọ́n gbé e dé iwájú rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. "Non réclamé": kò wá gbà á. Ẹni kẹta yìí lè má gbọ́ rárá pé ẹrù dé. Bí o bá kọ "rejected" sí i, o ti ba àárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jẹ́. "Unclaimed" ni kí o kọ.

"Port dû", "carriage forward" ni. "Port payé", "carriage paid".

Ọmọ Àjàṣẹ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, Kútọnu ni mo ti ń bá àwọn akẹ́rù ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún "contre-remboursement". "Remboursement" nìkan ni owó tí a dá padà. Tí "contre" bá ti ṣíwájú rẹ̀, ọlọ́jà kò tíì gba owó ọjà rẹ̀ nìyẹn: dírẹ́bà ló máa bá a gbà á, kò sì ní gbé ẹrù sílẹ̀ láìgbà á. "Pay on delivery" tí ẹ ń sọ ní Nàìjíríà gan-an ni. Kò jọ "port dû" rárá. Owó ọkọ̀ ni "port dû", owó ọjà fúnra rẹ̀ ni èyí. Tí méjèèjì bá wà lórí ìwé kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá máa sanwó. Iye tó wà níwájú rẹ̀, bí ó bá jẹ́ CFA ni wọ́n kọ, ẹ kọ CFA gàdàgbà, kí wọ́n má rò pé náírà ni.

"Livraison en gare": ẹrù ò ní dé Arákálẹ̀, gáréèjì ni wọ́n á ti lọ gbà á. Ti ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n ń pè ní "à domicile".

"En souffrance", ẹrù tó ti dé tí kò sẹ́ni tó wá gbà á ni. Ẹ máa rí "en instance" náà, ìyẹn ṣì rọ̀: ẹrù ń dúró dè yín. Tí wọ́n bá ti ń kọ "en souffrance", ó ti ń pẹ́ nílẹ̀, kí màmá tètè dìde. "Held, not collected" á yé wọn.

Ti ìbuwọ́lù yẹn, "mo gbà á, n ò tíì tú u wò" ló ń sọ. Ní ilẹ̀ Faransé, gbólóhùn yẹn nìkan kì í gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bí ẹrù bá bàjẹ́. Ohun tí ojú rí ni kí wọ́n kọ: "sac déchiré" bí àpò bá ya, "il manque un colis" bí ọ̀kan ò bá pé.

Atẹ̀wé Arákálẹ̀ kọ:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá, ẹ má bínú, n ò ní kọ "carriage forward". Mo fi han oníṣòwò mẹ́ta nílà ṣọ́ọ̀bù wa. Méjì ní ó túmọ̀ sí pé ẹrù ti ń bọ̀ níwájú, ẹnì kẹta ní kò yé òun. Ohun tí mo kọ ni "Transport NOT paid. Receiver pays." Mo sì ti kọ èyí sára ògiri níwájú mi: "délai" ni àkókò tí wọ́n fún ọ, "retard" ni pé nǹkan pẹ́.

Bàbá Pósọ́fíìsì, Oǹdó kọ:

O ṣeun, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o ṣe. Fi "carriage forward" pamọ́ de ọjọ́ tí báńkì tàbí lọ́yà bá béèrè ìwé náà.

Atẹ̀wé Arákálẹ̀ kọ:

Màmá ti wá gba ìwé wọn nírọ̀lẹ́ yìí. Mo kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti lẹ́tà wínníwínní. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní àpòòwé méjì. Wọ́n ka owó ọkọ̀ sínú ọ̀kan, wọ́n kọ "ọkọ̀" sí i lára. Wọ́n kọ "ọjà" sára èkejì, wọ́n sì ní àárọ̀ ọ̀la làwọn máa lọ ṣẹ́ CFA sínú rẹ̀.