Omi tó ń yí: ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin náà ti fojú rí

Tísà Fíísíìsì, Iléṣà:
Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi tí kò kọrin mọ́ ni mo gbé lọ sí kíláàsì. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, àmọ́ ó ṣì ń yí, bí ìgbà 33 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo gbé abọ́ gíláàsì lé e láàárín gbùngbùn, mo bu omi sí i dé ìdajì. Ẹ má kánjú níbẹ̀ yẹn o! Ẹ jẹ́ kó máa yí títí omi àti abọ́ yóò fi jọ máa yí pọ̀.

Mo wá kán aró sí i, mo fi ìka rú u díẹ̀. Ká ní omi náà dúró jẹ́ẹ́ ni, aró ì bá fọ́n káàkiri, tòkè tìsàlẹ̀. Rárá o. Ó dúró lóòró bí aṣọ ìkélé, láti ojú omi dé ìsàlẹ̀ abọ́. Ó ń ká, ó ń lọ́ mọ́ra, kò wó. Ariwo ta ní kíláàsì!

Proudman, onímọ̀ ìṣirò ará Bìrìtéènì, ti fi ìṣirò sọ ọ́ ní 1916, Taylor, onímọ̀ fíísíìsì níbẹ̀, sì fi omi dán an wò lẹ́yìn náà: ohun tí omi tó ń yí kíákíá bá ṣe lókè ló fẹ́ ṣe nísàlẹ̀. Rúkèrúdò inú rẹ̀ kì í kàn fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn ìyípo omi kéékèèké a máa gbé ara wọn mì, wọn a di ńlá. Ẹ wo pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà, tí kì í lò tó wákàtí 10 kó tó yí po. Ìjì pupa ojú rẹ̀ tóbi ju ayé wa yìí lọ.

Ọmọ Ifẹ̀:
Tísà, ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe tèmi níbí ní Ilé-Ifẹ̀: gáàsì tó ń yí ká ihò dúdú (black hole), ohun ojú ọ̀run tí agbára fífà rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pàápàá jáde. Tinú ń sáré yípo ju tìta lọ, kò sì lè já sínú àfi tó bá gbé nínú agbára yíyí rẹ̀ fún tìta. Ní 1973, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Shakura àti Sunyaev, kàn fi lẹ́tà kan, alpha, dúró fún rúkèrúdò tó ń ṣe é. Mo rú gáàsì mi títí, ó tún rọlẹ̀ ni. Mo wá fi agbára òòfà bíńtín sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Balbus àti Hawley ṣe wí ní 1991. Kò yípo púpọ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi dàrú!

Tísà Fíísíìsì, Iléṣà:
Ṣé kí n gbé òòfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ mi nìyẹn?

Ọmọ Ifẹ̀:
Omi ò ní gbọ́, sà. Mẹ́táàlì olómi ni wọ́n ń lò fún un ní Princeton, l'Ámẹ́ríkà.