Ta ni ṣẹ́rífù gan-an: ọlọ́pàá ni àbí adájọ́?

Àbẹ̀ní:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Texas ní ọ̀gá agbófinró tí ará ìlú dìbò yàn ni ṣẹ́rífù, pé ìbọn kì í kúrò níbàdí rẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Glasgow, ní Scotland, fárígá. Ó ní ṣẹ́rífù ló jókòó dá ẹjọ́ owó tí oníbàárà kan jẹ òun, pé awò ojú àti bírò lòun rí lọ́wọ́ bàbá náà. Wọ́n ti sọ WhatsApp ẹbí di pápá ogun. Ta ló jàre?

Alákẹtẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n yín ni. Akẹtẹ̀ lórí, ìràwọ̀ láyà. Kí ló tún kù?

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀:
Alákẹtẹ̀, fíìmù ti bà yín jẹ́. Àwọn méjèèjì ló jàre.

Láyé àtijọ́ ní England, ṣẹ́rífù ni aṣojú ọba ní agbègbè. Òun ló ń gba owó orí, òun ló ń mú ọ̀daràn, òun ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń kó ọmọ ogun jọ. Nígbà tí oyè yẹn dé ilẹ̀ mìíràn, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń pín ẹran: kálukú mú ibi tó wù ú.

Scotland mú ìdájọ́. Adájọ́ pọ́ńbélé ni ṣẹ́rífù wọn. Gbèsè tí kò ju £5,000 lọ, ìkọ̀sílẹ̀, olè jíjà, gbogbo rẹ̀ ló ń dé iwájú rẹ̀. Bí ó bá jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń bá a gbọ́ ẹjọ́, ó lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún 5.

Amẹ́ríkà mú ọ̀daràn mímú àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń dìbò yan ṣẹ́rífù káúńtì (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), sáà ọdún 4 ló sì wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè bóyá ó mọ̀ pé ṣẹ́rífù yẹn kan náà ló ń pín ìwé ìpẹ̀jọ́, tó ń lé ayálégbé jáde, tó sì ń lu dúkìá onígbèsè ní gbàǹjo. Fíìmù kì í fi ìyẹn hàn! Alaska ò ní ṣẹ́rífù káúńtì rárá, torí kò ní káúńtì. Ní Connecticut, ará ìlú fìbò pa ipò náà rẹ́ lọ́dún 2000. Ti New York City, olórí ìlú ló ń yàn án, abẹ́ ẹ̀ka ìṣúná ló sì wà.

England fúnra rẹ̀? Aṣọ oyè àti idà nìkan ló kù. Ọdọọdún ni ọba ń fi abẹ́rẹ́ gún orúkọ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Kò sí owó oṣù níbẹ̀.

Èmi ò fara mọ́ kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa lẹ pósítà ìbò kiri. Tèmi nìyẹn o.

Ọmọ Jóbọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ìbò yẹn náà la fi ń lé e lọ tó bá ṣàṣejù. Ní South Africa níbí, mínísítà ètò ìdájọ́ ló ń yan ṣẹ́rífù, ìjọba kì í sì í san owó oṣù fún un. Orí ìwé tó bá kó dé ọwọ́ èèyàn àti ẹrù tó bá gbẹ́sẹ̀ lé ló ti ń gba owó, òfin ló sì dá iye rẹ̀ sí. Òfin 1986 ló dè wọ́n. Kò mú olè, kò dá ẹjọ́.

Àbẹ̀ní:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi jàre ní kọ́ọ̀tù lóòótọ́, àmọ́ ọkùnrin yẹn ò tíì san kọ́bọ̀. Ṣé ṣẹ́rífù yẹn náà ló máa lọ gbà á?

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀:
Rárá o. Iṣẹ́ tiẹ̀ ti parí. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ́rífù ni kí ó lọ bá, àwọn yẹn kì í ṣe adájọ́, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́. Wọ́n á fún onígbèsè náà ní ìwé tó fún un ní ọjọ́ 14 láti san. Bí kò bá san, wọ́n lè kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù. Kí àbúrò yín wádìí ibi tí ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ kó tó lọ.