Mówà mi ń pariwo sókè sódò, ṣé gọ́fánọ̀ (ohun tó ń ṣàkóso eré ẹ́ńjìnnì) ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Koríko ni mò ń gé jẹun. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo oníbàárà ló fẹ́ kí iwájú ilé òun mọ́ kí àlejò Ojúde Ọba tó wọlé. Mówà tí mò ń tì, bí mo bá ti tan án, á ké lọ sókè, á rọlẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́, á tún ké. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ koríko tó ki, ara rẹ̀ á balẹ̀. Mẹkáníìkì ní gọ́fánọ̀ ni, pé kí òun fa sípíríǹgì rẹ̀ le. Ṣé kí n gbà?

Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù: Má gbà o, àbúrò. Bó ṣe ń fara balẹ̀ nínú koríko yẹn, kabúrétọ̀, níbi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀, ni kí o kọ́kọ́ wò. Epo tó pẹ́ nínú táǹkì ti dí ojú jẹ́ẹ̀tì kékeré, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Epo kò tó, ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, gọ́fánọ̀ á sáré ṣí ojú kabúrétọ̀, á tún sáré pa á dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Fọ kabúrétọ̀, fi fọ́nrán kan ṣoṣo láti inú wáyà iná la jẹ́ẹ̀tì náà.

Wẹ́dà Ìkẹ́nnẹ́: Èmi tú gọ́fánọ̀ tèmi dànù, agbára ló kù!

Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí kò dáa. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì báyìí, nǹkan bí 3,600 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ni òpin eré rẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kọnrọ́ọ̀dù, irin tó di písítìnì mú, lè já kó lu ẹ́ńjìnnì fọ́. Ọ̀bẹ tó ń yí nítòsí ẹsẹ̀ yín ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ mẹkáníìkì náà ti tú nọ́ọ̀tì apá gọ́fánọ̀ kí n tó dá a dúró.

Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù: Háà! Àwọn ọmọ yìí ò ní sùúrù. Pa ẹ́ńjìnnì, yọ wáyà púlọ́ọ̀gì. Ti ọwọ́ iná, èyí tí a fi ń mú eré ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i, dé òpin, kí ojú kabúrétọ̀ ṣí pátápátá. Ìhà tí apá gọ́fánọ̀ yẹn bá yí sí bó ṣe ń ṣí i, ìhà yẹn náà ni kí o yí ọ̀pá kékeré tó yọ lára ẹ́ńjìnnì sí, títí kò fi ní lọ mọ́. Dì í mú níbẹ̀, de nọ́ọ̀tì pinpin. Má ṣí sípíríǹgì kúrò nínú ihò tó wà o. Bí kò bá sí ọ̀pá kankan, a jẹ́ pé abẹ́bẹ̀ rọ́bà tí atẹ́gùn fáànù ń tì ni gọ́fánọ̀ rẹ̀. Koríko gbígbẹ ni kí o yọ níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ọ̀pá wà, sà. Mò ń tú kabúrétọ̀ lọ́wọ́ báyìí.