Ìwé wo ni kí n kà lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kàwé, ẹ bá mi dá sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka The Hate U Give ti Angie Thomas tán ni, níbi tí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin kan níṣojú ẹ̀, ó dùn ún kà gan-an àmọ́ ìtàn àròsọ ni, èyí tí mò ń wá báyìí ni èyí tó máa ṣàlàyé bọ́rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, látìgbà ẹrú, dé ayé òfin Jim Crow tó ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn aláwọ̀ funfun, títí dórí George Floyd tí ọlọ́pàá fi orúnkún tẹ lọ́rùn pa ní Minneapolis ní 2020. Kó má jẹ́ gírámà àwọn lọ́yà o, orí mi ò gbé e. Just Mercy ti Bryan Stevenson ńkọ́, ṣé ẹjọ́ nìkan ló dá lé?