Ṣé kí n kọ́ iṣẹ́ wíwo ẹ̀dọ̀ ọmọdé, àbí kí n lọ síbi tí owó wà?

Dọ́kítà Ìyàwó: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Dọ́kítà ni mí n'Íbàdàn níbí, rẹdiọ́lọ́jì, ìyẹn iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara àti kíkà á, ni mò ń kọ́, mo ti yege ìdánwò Part 1. Ọkàn mi fà sí àwọn ọmọdé tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ fún. Ọkọ mi ní mélòó ni wọ́n ń pààrọ̀ ní Nàìjíríà tí mo fẹ́ máa yàwòrán rẹ̀? Ilé skánì kan ní Bódìjà ti pè mí síṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, oyún ni wọ́n ń wò jù níbẹ̀, owó wọn sì dáa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má bú mi o.

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, ọkọ ẹ ò parọ́. Ebi ò mọ̀ pé èèyàn ń kàwé. Aláboyún ò lè tán n'Íbàdàn.

Ẹ̀gbọ́n Onískánì: Bàbá Ìbejì, ẹ rọra. Iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó di ti pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ wá funfun bí ẹ̀kọ, ó lè jẹ́ biliary atresia: ọ̀nà tí òróòro ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀ ti dí. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní Kasai lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó pé oṣù méjì ló dáa jù. Ta ló máa tètè fura? Ìwọ tó di probe mú ni, ohun tí wọ́n ń gbé lé ikùn láti fi ṣe skánì. Wọn ò ní tíì fún ọmọ náà lọ́mú fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, á máa ké, ìyá rẹ̀ á máa wò ọ́ lójú. Ìwọ ń wá àpò òróòro tó yẹ kó ti kún, o wá rí i pé ó kéré, etí rẹ̀ ò sì gún. Ẹni tó ń wo oyún látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lè fojú fò ó.

Àìsàn yìí náà ló ń ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta tí oníṣẹ́ abẹ Thomas Starzl kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ní Denver, l'Amẹ́ríkà, ní 1963. Ọmọ náà ò yè é. Títí dòní, àìsàn yìí ló ń gbé ọmọdé débi pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ jù.

Ìyá Tolú: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ará àdúgbò wa ní Mọ́níyà ṣe é n'Íńdíà, àmọ́ gbogbo ìgbà ni wọ́n ṣì ń ní kó lọ ṣe skánì. Kí ni wọ́n ń wá?

Ẹ̀gbọ́n Onískánì: Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn ni, mà. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀ ọmọdé tín-ín-rín gan-an. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ tuntun lè kú, ìdí nìyẹn tí Doppler, skánì tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn hàn, fi máa ń lemọ́lemọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá yá, wọ́n á máa wo ọ̀nà òróòro àti iṣan ńlá tó ń ti ìfun bọ̀, bóyá ó ti ń há. Ọmọ yẹn ti dé Mọ́níyà báyìí. N'Íbàdàn ni ẹnì kan ti máa ka skánì rẹ̀.

Àbúrò, gba iṣẹ́ Bódìjà, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó ju ìrọ̀lẹ́ méjì lọ lọ́sẹ̀. Kọ́kọ́ yege Part 2. Máa bá àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé jókòó, kí wọ́n mọ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kóo wá ibi tí wàá ti kọ́ṣẹ́ sí i. Red Cross Children's Hospital ní Cape Town ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ọmọdé, ilẹ̀ Áfíríkà náà sì ni.

Bàbá Ìbejì: Ìrọ̀lẹ́ méjì kéré o. Ẹ fi ìkan kún un.

Dọ́kítà Ìyàwó: Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ mi ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, ó ní kí n bi Ẹ̀gbọ́n léèrè: èló ni wọ́n ń gba owó ilé ní Cape Town?